Hans Kosterlitz, ẹni tó wá oògùn ìrora lọ sínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí ni Hans Kosterlitz. Wọ́n bí i ní Berlin, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1903. Dókítà ni bàbá rẹ̀, òun náà sì kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ṣùgbọ́n Júù ni. Nígbà tí Hitler gbàjọba ní 1933, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lé àwọn Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1934 ó sá lọ sí Aberdeen, ìlú kan létí òkun ní Scotland, lọ́dọ̀ Macleod, ọ̀kan nínú àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí insuline. Ọdún kejì Macleod kú, àmọ́ Kosterlitz ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ọmọ rẹ̀ Michael, tó gba Nobel tirẹ̀ nínú physique ní 2016. Bàbá ò gbà á rí.

Ohun tó gbà á lọ́kàn ni morphine, oògùn tó ń wá látinú oje òdòdó pavot. Kò sí ìrora tó le tí kì í bá jà, ṣùgbọ́n tó bá ti di bárakú fún èèyàn, àtifi sílẹ̀ á dogun. (Tramadol tó ń da àwọn ọmọ wa láàmú, ẹbí kan náà ni wọ́n.) Kosterlitz ní ọ̀nà tó fi ń dá oògùn bẹ́ẹ̀ mọ̀. Á gé ìfun cobaye díẹ̀, á so ó rọ̀ sínú omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á wá máa fi iná mànàmáná díẹ̀ ta á. Ìfun náà á máa sún kì. Bó bá kán morphine sí i, á dákẹ́. Bó bá fi naloxone sí i, oògùn tó ń lé morphine kúrò láyè rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò ju báyẹn lọ.

Ní 1973, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ojú ibì kan wà nínú ọpọlọ tí morphine ń wọ̀ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo. Kí ni ara ń fi àgádágodo yẹn ṣe? Ṣebí wọn ò bí wa pẹ̀lú pavot lẹ́nu! Kosterlitz àti John Hughes, tó kéré sí i gan-an lọ́jọ́ orí, gbà pé ara ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Kosterlitz pé 70, tó fẹ̀yìn tì. Kàkà kó jókòó sílé, ó dá ilé ìwádìí tuntun sílẹ̀.

Hughes ló ń jí lọ sílé ìpẹran lọ gba orí ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n á lọ ọpọlọ rẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tún un sẹ́, títí á fi ku táṣẹ́rẹ́. Wọ́n kán an sí ìfun: ìfun dákẹ́. Naloxone jí i. Ọwọ́ ti tẹ nǹkan, àmọ́ kí ni? Ó jọ peptide, ìyẹn acide aminé tí ara sín bí ìlẹ̀kẹ̀ sójú okùn kúkúrú. Wọ́n ń tú ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn ò gún. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ará Amẹ́ríkà àti Sweden ń lé ohun kan náà.

Howard Morris ló gbé e sínú ẹ̀rọ spectromètre de masse. Ìwọ̀n ni ẹ̀rọ yìí ń wọ̀n. Á sọ nǹkan di ooru, á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, á jẹ́ kí àwọn ègé rẹ̀ fò kọjá níwájú òòfà. Èyí tó wúwo kì í yà tó èyí tó fúyẹ́. Látinú ìwọ̀n àwọn ègé yìí lèèyàn á ti mọ ìlẹ̀kẹ̀ tó tẹ̀ lé ìlẹ̀kẹ̀. Àṣé okùn méjì ló dà pọ̀! Ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: tyrosine, glycine, glycine, phénylalanine. Ìkarùn-ún nìkan ló yàtọ̀: méthionine lórí ọ̀kan, leucine lórí èkejì. Wọ́n sọ wọ́n ní enképhaline, látinú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ohun tó wà nínú orí. Oṣù décembre 1975 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé oògùn ìrora tí kò ní di bárakú ti dé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara máa ń gé enképhaline já kíákíá, èyí tí wọ́n sì tún ṣe kó lè pẹ́ lára di bárakú bíi morphine. Kosterlitz kú ní Aberdeen ní oṣù octobre 1996, lẹ́ni ọdún 93. Àwọn oníwàádìí ṣì ń wá oògùn yẹn dòní.