Errol Walton Barrow: Ọmọ Àlùfáà tí ó Mú Erékùṣù Barbados Dé Òmìnira

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí kò mọ sí orí agbo ilé kan ṣoṣo. Ó bá odidi orílẹ̀-èdè wí pẹ̀lú. Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, àti ní pàtàkì jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, gbọ́ ìtàn Errol Walton Barrow, ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe olórí ìjọba ní Barbados lẹ́yìn òmìnira, tí ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé fún ọmọ tálákà kí a tó fa àsíá orílẹ̀-èdè náà sókè.

Erékùṣù kékeré ni Barbados, ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn àwọn erékùṣù Caribbean. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí máìlì 21 lọ, ìbú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 14 lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1627, wọ́n sì kó àwọn ẹrú láti ilẹ̀ Áfríkà lọ síbẹ̀ láti máa ro oko ìrèké. A dá àwọn ẹrú náà sílẹ̀ pátápátá ní 1838, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ àwọn olóko ńlá, kò sì sí ẹni tí ó lè dìbò àfi ẹni tí ó bá ní ohun ìní. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn rí fún ohun tí ó ju 100 ọdún lọ.

Ní agbègbè St. Lucy, ní ìhà àríwá erékùṣù náà, ni a bí Barrow sí, ní ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní, 1920. Àlùfáà Ìjọ Àńgílíkà ni baba rẹ̀, Reginald Grant Barrow. Orúkọ ìyá rẹ̀ sì ni Ruth O'Neal. Baba yìí kì í ṣe ẹni tí í pa ẹnu mọ́ nígbà tí ó bá rí ìrẹ́jẹ. Nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù St. Croix, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ó gbè lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́, àwọn aláṣẹ sì lé e kúrò níbẹ̀ ní 1922. Ní ìhà ti ìyá pẹ̀lú, ọ̀ràn kò yàtọ̀. Charles Duncan O'Neal, arákùnrin ìyá rẹ̀, tí í ṣe oníṣègùn òyìnbó, dá ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic League sílẹ̀ ní 1924, ó sì ń jà kí a má ṣe fi ọmọdé ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké mọ́, kí a sì jẹ́ kí wọn lọ sí ilé-ìwé. Oníṣègùn náà kú ní 1936, kò sì rí ohun tí ó ń fẹ́.

Ní ọdún kejì, nígbà tí Barrow jẹ́ ọmọ ọdún 17, ìjọba lé Clement Payne, tí ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ wọn, kúrò ní ìlú. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Bridgetown, olú-ìlú wọn, ó sì tàn dé ìgbèríko. Ènìyàn 14 ni ó kú. Ọmọ ilé-ìwé ni Barrow nígbà náà, ní Harrison College. Ìwé tí ó ń kà níbẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú ni apá òbí wọn ká a, nítorí ọmọ àgbẹ̀ oko ìrèké kì í sábàá kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfuurufú ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1940. Atọ́nà ọkọ̀-òfuurufú ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bá wọn lọ sí ojú ìjà ní ìgbà tí ó ju 40 lọ lókè ilẹ̀ Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tí wọn kò bọ̀, òun bọ̀. Lẹ́yìn ogun, ó kọ́ nípa ọrọ̀-ajé àti ìṣèlú ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò pẹ̀lú. Ní 1950 ni ó padà sí ilé.

Ọdún náà gan-an ni òfin fún gbogbo àgbà ọkùnrin àti obìnrin ní ìbò. Ní 1951, a yan Barrow sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lábẹ́ ẹgbẹ́ Barbados Labour Party, tí Grantley Adams jẹ́ olórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òun àti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn fi rí i pé ìrìn olórí wọn kò yá tó. Ní 1955, wọ́n dá ẹgbẹ́ Democratic Labour Party sílẹ̀. Ìdìbò 1956 kò ṣe ojú rere sí i. Ó pàdánù àyè rẹ̀. Kò bọ́hùn. Ní 1958, àwọn ará St. John rán an padà sí Ilé Aṣòfin, nígbà tí ó sì di òpin 1961, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe. Ní 1962, ìjọba rẹ̀ mú owó kúrò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba. Ní 1963, yunifásítì àwọn erékùṣù náà ṣí ẹ̀ka ní Barbados, ìjọba sì ń san owó ẹ̀kọ́ fún ọmọ ìlú tí ó bá yege. A tún mú oúnjẹ ọ̀sán ilé-ìwé gbòòrò, nítorí ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ inú. Ohun tí oníṣègùn O'Neal kú tí kò rí, ọmọ arábìnrin rẹ̀ ni ó mú un ṣẹ.

Ní ti òmìnira, kì í ṣe pé Barrow fẹ́ kí Barbados dá dúró láti ìbẹ̀rẹ̀. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ní 1958, a ti so erékùṣù 10 pọ̀ sí ìjọba àpapọ̀ kan, Grantley Adams sì ni olórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jàmáíkà dìbò ní 1961 pé àwọn yóò jáde. Trinidad tẹ̀lé e. Ní 1962 ìjọba àpapọ̀ náà túká. Barrow bá àwọn méje tí ó kù jíròrò fún ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kò wọ̀. Nígbà náà ni ó pinnu pé Barbados yóò dá lọ. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀lọpọ̀: báwo ni ilẹ̀ tí ènìyàn inú rẹ̀ kò tó 250,000, tí ìrèké sì jẹ́ gbogbo ọrọ̀ rẹ̀, yóò ṣe bọ́ ara rẹ̀? Àwọn alátakò ní kí a bi àwọn ará ìlú léèrè ná. A dìbò ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá, 1966. Ẹgbẹ́ Barrow gba àyè 14 nínú 24. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 30 oṣù náà, ní pápá Garrison Savannah, a sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, a sì fa ti Barbados sókè láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀.

Síbẹ̀ kò fi ìrètí pé kí àwọn erékùṣù ṣe ọ̀kan sílẹ̀. Òun pẹ̀lú àwọn olórí Guyana àti Antigua ni wọ́n ti fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn òwò ní 1965. Láti inú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Caribbean ti ọdún 1973 ti hù jáde.

Ohun kan wà tí ó kan Ìjọ wa gan-an. Ní 1969, ìjọba Barrow já okùn tí ó so Ìjọ Àńgílíkà mọ́ ìjọba Barbados. Láti ìgbà ìtẹ̀dó ni Ìjọ náà ti jẹ́ Ìjọ ìjọba, tí a sì ń fi owó ìlú bọ́ àwọn àlùfáà rẹ̀. Ó lè dun ẹlòmíràn pé ọmọ àlùfáà ni ó ṣe èyí sí Ìjọ baba rẹ̀. Lójú tiwa, kò yẹ kí a ka èyí sí ìṣọ̀tá. Ìjọ tí ìjọba ń bọ́ a máa ṣòro fún láti bá ìjọba wí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjọ mìíràn náà sì ń san owó-orí. Àwa tí ọrẹ àwọn ọmọ Ìjọ gbé iṣẹ́ wa ró nílẹ̀ yìí mọ̀ pé ẹsẹ̀ ara ẹni ṣeé fi dúró.

A kì yóò pa àléébù rẹ̀ mọ́. Ní 1970, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo nípa ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ìjọba rẹ̀ ṣe òfin tí ó dín àyè ọ̀rọ̀ sísọ ní gbangba kù. Ní 1974, ó tún òfin ìlú ṣe tí ọwọ́ olórí ìjọba fi wọ yíyan àwọn adájọ́, èyí kò sì dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 1976, àwọn ará ìlú dìbò lé e kúrò, wọ́n sì fi ọmọ Grantley Adams sí ipò rẹ̀. Barrow gbé ìjọba sílẹ̀ láìjanpata. Fún ọdún mẹ́wàá kò padà sí ipò àṣẹ, ṣùgbọ́n kò pa ẹnu mọ́: nígbà tí Amẹ́ríkà kó ogun wọ Grenada ní 1983, tí ìjọba tirẹ̀ gan-an sì tì wọ́n lẹ́yìn, ó dìde, ó ní kò tọ́.

Ní oṣù Karùn-ún 1986, wọ́n pè é padà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àyè 24 nínú 27. Kò lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà, 1987, ó kú ní ilé rẹ̀, ní ẹni ọdún 67. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Nita, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, tí ó sì wà lára àwọn ààrẹ Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé, di Gómìnà Àgbà Barbados ní 1990. Ní 1998, a ka Barrow kún àwọn akọni orílẹ̀-èdè náà. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo ìlú. Ní 2021, Barbados kúrò lábẹ́ adé Gẹ̀ẹ́sì pátápátá.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo ọdún méjèèjì yìí dáadáa: 1962 fún ilé-ìwé, 1966 fún àsíá. Nínú ọdún mẹ́rin tí ó wà láàárín wọn ni àwọn ọmọ tí yóò di akọ̀wé, adájọ́, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ ti ń kọ́ bí a ti í ka ìwé àti bí a ti í ṣírò. Nígbà tí a kọ́ ilé òmìnira náà tán, àwọn tí a ti kọ́ ni ó wọ inú rẹ̀. Wọn kò sì tà á.