Sørensen, Ẹni tí ó Fún Wa ní Ìwọ̀n pH

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o ń kàwé ní Àgbárá, láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ àti ti ìgò, ó ṣeé ṣe kí o ti da itọ́ ẹnu rẹ pọ̀ mọ́ omi sítáàṣì rí, kí o máa kán an sí áyódíìnì díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa ṣọ́ ìgbà tí àwọ̀ dúdú bí aró kò ní yọ mọ́. Nínú ife tí pH rẹ̀ sún mọ́ 7, kì í pẹ́. Nínú èyí tí ó kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, ìwọ yóò dúró títí. Ọkùnrin tí ó fi nọ́ńbà pH sí ìyàtọ̀ yìí ni Søren Peder Lauritz Sørensen.

Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1868 ni a bí i ní Havrebjerg, ní ilẹ̀ Dẹ́nímáàkì. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ó kọ́kọ́ lọ kọ́ ní Yunifásítì Copenhagen, ṣùgbọ́n kẹ́mísìrì gbà á lọ́kàn. Ó gba oyè dókítà ní 1899. Ní 1901 ó di olórí ẹ̀ka kẹ́mísìrì ní ilé àyẹ̀wò Carlsberg, lẹ́yìn ikú Johan Kjeldahl. Bẹ́ẹ̀ ni, Carlsberg ọlọ́tí bíà! J. C. Jacobsen tí ó ni ilé ọtí náà ni ó dá ilé àyẹ̀wò yìí sílẹ̀ ní 1875, òfin ibẹ̀ sì ni pé a kò gbọdọ̀ fi ohun tí a bá rí ṣe àṣírí. Oníṣòwò mélòó ni yóò gbà bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù kò sì lè ṣàì kan ọlọ́tí, nítorí pé ẹ́ńsáìmù inú ọkà tí ó hù ni ó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń jẹ́ kí àgbàdo hù kí wọ́n tó fi pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́.

Ìṣòro tí Sørensen bá pàdé nìyí. Àwọn onímọ̀ a máa ka iye ásíìdì tí wọ́n dà sínú ife, wọ́n a sì rò pé gbogbo rẹ̀ ni ó ń kan ẹ́ńsáìmù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púrótéènì inú ife a máa gba nínú rẹ̀ mọ́ra, tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn méjì lè da iye kan náà, kí àbájáde wọn má sì bára mu. Sørensen fi hàn pé áyọ́ọ̀nù háídírójìn tí ó dá wà nínú omi ni kí a wọ̀n. Ó fi iná mànàmáná wọ̀n ọ́n, ó fi aró tí ń pàwọ̀ dà wọ̀n ọ́n, ó sì po àwọn omi tí pH wọn kì í tètè yí. Ní 1909 ni ó tẹ iṣẹ́ náà jáde, lórí ẹ́ńsáìmù bí i invertase, catalase àti pepsin.

Nọ́ńbà tí ó ń rí kò rọrùn láti kọ. Nínú lítà omi lásán kan, áyọ́ọ̀nù náà kò ju nǹkan bí 0.0000001 gíráàmù lọ. Ó wá mú 7 nìkan, tí í ṣe iye ààyè tí ó wà lẹ́yìn àmì, ó sì pè é ní pH. Ṣọ́ra níbí o, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nínú ìdánwò: bí pH bá lọ láti 7 sí 5, áyọ́ọ̀nù náà kò fi 2 pọ̀ sí i, ìlọ́po 100 ni ó di. Ìdí nìyí tí ẹ́ńsáìmù itọ́ fi ń rọ nínú ikùn, níbi tí pepsin ti ń ṣiṣẹ́ dáradára ní nǹkan bí 2.

Ìyàwó rẹ̀, Margrethe Høyrup, bá a ṣiṣẹ́ lórí púrótéènì. Sørensen fẹ̀yìn tì ní 1938, ó sì kú ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1939. Omi fọ́sífeetì tí ó pò ṣì wà nínú àwọn ilé àyẹ̀wò títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é.