Bàbátúndé Ọlátúnjí, Onílù tí Ó Ré Òkun Kọjá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọjà Àpòmù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà tí òkìkí wọn kàn jùlọ nílẹ̀ Yorùbá. Ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ra, tí wọ́n ń pàdé tà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ àti aṣọ nìkan ni a ń tà níbẹ̀. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ a máa jí ènìyàn gbé nínú ọjà náà àti ní ojú ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni a fà lọ sí etí òkun, sí Èkó àti Àgbádárìgì, tí a kó sínú ọkọ̀, tí ilé kò sì gbúròó wọn mọ́.

Ẹrú kì í di ẹrù, ṣùgbọ́n a kò lè gba ohun tí ó wà nínú orí rẹ̀. Àwọn tí ó dé Kúbà rántí bàtá, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n sì ń lù ú fún òrìṣà títí di òní. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1739, àwọn ẹrú kan ní South Carolina dìtẹ̀ sí àwọn olówó wọn, wọ́n sì ń lu ìlù bí wọ́n ti ń lọ. Nígbà tí ọdún 1740 dé, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin pé ẹrú kò gbọdọ̀ lu ìlù mọ́. Ohun tí ẹnu kò lè sọ ni ìlù ń sọ. Àwọn aláṣẹ mọ èyí dájú, ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi bẹ̀rù rẹ̀. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìlù ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ láàrin àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ náà. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó tún gbé e padà fún wọn, ní ohun tí ó ju 200 ọdún lọ lẹ́yìn òfin náà, ni Bàbátúndé Ọlátúnjí.

Ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1927 ni a bí i ní Ajídò, ìlú àwọn apẹja àti oníṣòwò ní ẹ̀bá ọ̀sà, nítòsí Àgbádárìgì, ní etí òkun kan náà tí a ti ń kó ẹrú lọ. Baba rẹ̀ ti kú ní nǹkan bí oṣù méjì kí ìyá rẹ̀ tó bí i, nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Bàbátúndé. Ọmọ Ògù ni, ó sì ń sọ èdè Ògù àti èdè Yorùbá láti kékeré. Àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ kí ó jẹ oyè baba rẹ̀ bí ó bá dàgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó ọmọ ọdún méjìlá, ó ti hàn sí òun tìkára rẹ̀ pé ọkàn òun kò sí nínú oyè.

Ibi tí ọkàn rẹ̀ wà ni ìlù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi yé ọmọ ilé ìwé tí kò gbé agbo ilé onílù rí. Láàrin àwa Yorùbá, ìran ni iṣẹ́ ìlù jẹ́. Ọmọ Àyàn ni í lu dùndún, òun ni í lu bàtá. Láti kékeré ni baba rẹ̀ yóò ti fi gúdúgúdú lé e lọ́wọ́, yóò sì pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ìyáàlù. Ọlátúnjí kì í ṣe ọmọ Àyàn. Kò sí ẹni tí ó fi ìlù jogún fún un. Etí ni ó fi kọ́ ọ: bí ọdún bá dé, bí òkú bá kú, bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó, tí ìlù bá ti dún, ọmọ náà ti wà níbẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ Baptist Academy ní Èkó ni ó ti kàwé. Nínú ìwé ìròyìn kan láti Amẹ́ríkà ni ó ti kà nípa ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ Rotary ń fún àwọn ọ̀dọ́. Ó kọ̀wé béèrè, wọ́n sì fún un. Ní ọdún 1950 ni ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì wọ Morehouse College ní ìlú Atlanta, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn dúdú. Iṣẹ́ ìjọba ni ó ní lọ́kàn, kì í ṣe ìlù. Ohun tí ó yí i lọ́kàn padà ni àìmọ̀ tí ó bá níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọmọ àwọn tí a kó láti Áfíríkà, kò mọ ohunkóhun nípa Áfíríkà ju ohun tí sinimá fi hàn wọ́n, igbó àti ẹranko. Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí lu ìlù fún wọn, tí ó sì ń kọ́ wọn ní orin. Lẹ́yìn Morehouse, ó lọ sí yunifásítì ní New York láti kọ́ nípa ìṣàkóso ìjọba. Owó ń wọ́n ọn, ni ó bá kó ẹgbẹ́ onílù kékeré kan jọ kí ó lè rí owó ilé ìwé san. Ẹgbẹ́ kékeré yìí ni ó gba iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Hammond, tí ó ń wá olórin fún ilé iṣẹ́ Columbia, gbọ́ ìlù rẹ̀, ó sì mú un wọlé. Ní ọdún 1959 ni wọ́n gba orin náà sílẹ̀, àwo rẹ̀ sì jáde ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira. Orúkọ rẹ̀ ni Drums of Passion. Kò sí fèrè nínú rẹ̀, kò sí dùùrù, kò sí gìtá. Ìlù, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn ènìyàn ni gbogbo rẹ̀, olórin ń dá, àwọn obìnrin ń gbè. Orin Ṣàngó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orin Akíwowo, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ènìyàn rà á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni wọ́n fi kọ orin inú rẹ̀, èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ rí láyé.

Ó tọ́ kí a dúró díẹ̀ lórí bí ó ti ń lu ìlù. Onílù rọ́ọ̀kì, orin àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ òyìnbó tí gìtá oníná ń ṣáájú, a máa jókòó sí àárín ìlù púpọ̀: ìlù ńlá kan tí ó ń fi ẹsẹ̀ lù, ìlù pẹrẹsẹ tí ó ní wáyà nísàlẹ̀, ìlù méjì tàbí mẹ́ta mìíràn, àti àwọn awo idẹ tí ó ń fi ọ̀pá gbá. Ẹnì kan ni í ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́rin. Ti Ọlátúnjí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlù onígi tí a fi awọ bò lójú ni tirẹ̀, ọwọ́ lásán ni ó sì fi ń lù ú, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lu tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kálukú pẹ̀lú ohùn tirẹ̀.

Ohùn mẹ́ta ni ó ní kí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kọ́kọ́ wá nínú ìlù. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá bọ́ sí àárín awọ, ohùn ìsàlẹ̀ ni yóò jáde. Ó pè é ní gun fún ọwọ́ ọ̀tún, dun fún ọwọ́ òsì. Bí ìka bá bọ́ sí etí ìlù, ohùn àárín ni, go àti do. Bí a bá gbá etí náà bí ẹni gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ohùn òkè ni yóò ta jáde, pa àti ta. Ẹni tí ó bá ti lè wí i lẹ́nu yóò lè lù ú, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń kọ́ni: ẹnu ṣáájú, ọwọ́ tẹ̀lé e. Ọmọ Yorùbá tí ó bá fetí sílẹ̀ yóò rí i pé ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè tí ó fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni ọkùnrin yìí fi lé àwọn àlejò lọ́wọ́. Akọ̀wé ilé ìfowópamọ́, olùkọ́, ọmọdé, arúgbó, gbogbo wọn ń lù ú láàrin wákàtí kan.

Àwọn tí ó mọ ìlù dáadáa kò ṣàì bá a wí. Wọ́n ní ìlù àdàlú ni tirẹ̀, pé kò lè fi í ki ọba gẹ́gẹ́ bí ọmọ Àyàn ti ń fi dùndún kì í. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n oríkì kò wúlò fún ẹni tí kò mọ orúkọ baba ńlá rẹ̀ mọ́, irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ sì ni Ọlátúnjí ń kọ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ìlù tún bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ná.

Àwọn ọ̀gá nínú orin jáàsì ni ó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bá Max Roach lu ìlù nínú àwo kan ní 1960, àwo tí ó sọ̀rọ̀ òmìnira àwọn ènìyàn dúdú. John Coltrane, afunfèrè tí òkìkí rẹ̀ kàn, fi orúkọ Tunji pe orin kan ní 1962. Òun ni ó tún ran Ọlátúnjí lọ́wọ́ láti dá ilé ẹ̀kọ́ àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní Harlem, ní New York. Coltrane fun fèrè níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1967. Ó kú ní oṣù keje ọdún náà. Ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ àdúgbò fún ìlù, ijó àti èdè, owó náà kò sì tó ná rárá. Pẹ̀lú ìṣòro ni ilé náà fi dúró fún ọdún púpọ̀ kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni orin rẹ̀ ń pa owó fún ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ Faransé, Serge Gainsbourg mú orin Akíwowo ní 1964, ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i, kò sì kọ orúkọ Ọlátúnjí sí ara àwo náà. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó ṣe àtúnṣe. Ní 1969, ẹgbẹ́ Santana fi Jin-go-lo-ba, orin inú àwo ti 1960 yẹn, sínú àwo wọn àkọ́kọ́, wọ́n fi gìtá oníná sí i, wọ́n ké orúkọ rẹ̀ kúrú sí Jingo. Báyìí ni ìlù Ajídò ṣe wọ inú orin rọ́ọ̀kì, tí àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ayé ń jó o láìmọ ibi tí ó ti wá.

Ẹni tí ó tún mú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí mọ onílù náà fúnra rẹ̀ ni Mickey Hart, ọ̀kan nínú àwọn onílù méjì tí ó wà nínú ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Grateful Dead. Ó ti ń gbọ́ àwo Ọlátúnjí láti ìgbà èwe. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1985, ní ìlú Oakland, ó ní kí Ọlátúnjí àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́kọ́ lu ìlù kí ẹgbẹ́ òun tó jáde. Onílù náà ti sún mọ́ ọmọ ọgọ́ta ọdún nígbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ sì dìde fún un. Lẹ́yìn èyí ni Hart bá a ṣe àwo tuntun, Carlos Santana sì ta gìtá nínú rẹ̀. Ní 1991, ó wà nínú Planet Drum, àwo tí àwọn onílù láti Íńdíà, Brasil, Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà jọ ṣe, tí ó sì gba ẹ̀bùn Grammy. Sikiru Adépòjù, ọmọ Yorùbá mìíràn, lu gángan níbẹ̀. Lórí àwo kan ṣoṣo yẹn ni onílù ọlọ́wọ́ lásán ti Ajídò àti gángan ti pàdé níwájú gbogbo ayé.

Ní California ni Ọlátúnjí ti lo ọdún tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ní Esalen, lórí òkè tí ó dojú kọ òkun. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ti mú un, ṣùgbọ́n kò fi ìkọ́ni sílẹ̀. Ó kú ní ìlú Salinas ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2003, ó ku ọjọ́ kan kí ó pé ọmọ ọdún 76. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ilé ìkàwé àpapọ̀ Amẹ́ríkà mú Drums of Passion sí ara àwọn àwo tí wọn yóò máa tọ́jú fún ìran tí ń bọ̀.