George Washington Carver: Ẹni Tó Jí Ilẹ̀ Tó Ti Ṣá

George Washington Carver ló kàn lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé òun ló kọ́kọ́ ṣe bọ́tà ẹ̀pà. Rárá o! Iṣẹ́ tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹrú ni ìyá rẹ̀, inú ẹrú ni wọ́n sì bí i sí ní Missouri, Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1864. Ó jìyà kó tó kàwé, àmọ́ ó gboyè ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Iowa ní 1894, ó tún gba ìkejì ní 1896. Ọdún yẹn náà ni Booker T. Washington pè é wá sí ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee, ní Alabama.

Òwú ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn lọ́dọọdún, òwú sì ti fa ọ̀rá ilẹ̀ gbẹ. Ilẹ̀ ti ṣá, gbèsè sì wọ àgbẹ̀ lọ́rùn.

Ní 1897, ìjọba Alabama dá oko ìwádìí sílẹ̀ ní Tuskegee. $1,500 lọ́dún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀, òfin Hatch ti 1887 ń fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní $15,000 lọ́dún fún irú iṣẹ́ yìí. Ní Alabama, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ funfun ní Auburn ló ń gbà á. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ìlọ́po mẹ́wàá!

Carver ò jókòó sunkún. Kò sówó ajílẹ̀, ló bá ń kó ewé igbó àti ẹrẹ̀ àbàtà sórí ilẹ̀. Ó ń fi ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ànàmọ́ pààrọ̀ òwú. Gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà máa ń dá náítírójìn padà sílẹ̀, bí a ṣe kọ́ ọ nínú Báyọ́lọ́jì. Ohun tó bá rí, á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé fún àwọn àgbẹ̀. Èyí tó kọ lórí ẹ̀pà ní 1916 ní ọ̀nà 105 téèyàn lè gbà sè é jẹ. Láti 1906, kẹ̀kẹ́ ẹrù kan, Jesup Wagon, ń gbé ẹ̀kọ́ náà lọ bá àgbẹ̀ lábúlé.

Nígbà tó fi máa di 1921, ẹ̀pà ti di ọjà ńlá débi pé wọ́n pe Carver síwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ní Washington, kó wá sọ̀rọ̀ lórí owó ibodè ẹ̀pà. Òun nìkan kọ́ ló sọ ọ́ di ọjà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní, 1943. Owó tó fi pamọ́, ìwádìí ló fi í sílẹ̀ fún.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, $1,500 lásán ló ṣe gbogbo èyí. Tí wọ́n bá fún un ní $15,000 ńkọ́?