Àńlùgbùà, akọni Òwu tí Kúta kò gbàgbé

Bí wọ́n bá ń ka àwọn akọni ilẹ̀ Òwu, Àńlùgbùà ló ń ṣíwájú. Ní Kúta, lẹ́bàá Ìwó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tọmọdé tàgbà ló mọ orúkọ rẹ̀.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ìran Odùduwà ni, jagunjagun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọ̀tá, tó sì tún lóògùn. Wọ́n ní kò kú bí èèyàn yòókù. Ilẹ̀ ló wọ̀. Kó tó lọ, ó fi ẹ̀wọ̀n kan sílẹ̀, ó ṣèlérí pé bí ogun bá dé, kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n náà lulẹ̀, òun yóò dìde wá gbèjà wọn.

Ogun dé lóòótọ́. Láàárín ọdún 1820 sí 1829, aáwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jà Àpòmù kó Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ jọ sí Òwu. Wọ́n dó ti ìlú náà títí ebi fi mú aráàlú, Òwu sì fọ́. Àwọn tó ṣẹ́gun pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un tẹ̀ dó. Àwọn ará ìlú fọ́n ká; nígbà tó di ọdún 1834, ọ̀pọ̀ wọn ti wà ní Abẹ́òkúta.

Ṣé wọn kò pe Àńlùgbùà ni, àbí ìpè ti pẹ́ jù? Ohun tó dájú ni pé ìlú fọ́, orúkọ rẹ̀ kò parẹ́. Kúta ṣì ń ṣọdún rẹ̀, ọmọ Òwu níbi gbogbo sì ń fi í yangàn. Akọni tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò gbàgbé, kò tíì lọ.