Lewis Terman, ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi ìdánwò ṣa àwọn ọmọ ọlọ́pọlọ pípé jọ

Ìdílé àgbẹ̀ ni wọ́n bí Lewis Terman sí ní ìpínlẹ̀ Indiana, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1877. Òun ni ìkejìlá nínú ọmọ mẹ́rìnlá. Ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọkùnrin kan tó ń kiri ìwé tà yà sílé wọn. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá fọwọ́ pa orí ọmọ, a ó mọ irú ènìyàn tí yóò dà. Ọkùnrin náà fọwọ́ pa orí Lewis, ó sì ní ohun ńlá ni ọmọ yìí yóò gbé ṣe láyé. Ọmọ náà kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí títí tó fi dàgbà.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó di tíṣà. Lẹ́yìn èyí ló lọ sí Yunifásítì Indiana, kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Clark lọ́dún 1905. Ikọ́ fée tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ló gbé e dé California, níbi tí ojú ọjọ́ ti móoru. Ọ̀gá ilé-ìwé ló kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1910, Yunifásítì Stanford gbà á síṣẹ́.

Ìlú Paris ni irinṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí ti wá. Alfred Binet àti Théodore Simon ló gbé ìdánwò kan kalẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1905, kí wọ́n lè fi mọ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò tètè yé, kí wọ́n sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Binet kú lọ́dún 1911. Terman tún ìdánwò náà ṣe fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1916. Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá ṣe é bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, máàkì rẹ̀ jẹ́ 125. Bí ó bá ṣe é bí ẹgbẹ́ rẹ̀, 100 ni. Ohun tí Binet fi ń wá ẹni tó rẹ̀yìn ni Terman wá fi ń wá ẹni tó ṣíwájú.

Ọdún 1921 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà gan-an ní California. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló dán wò, nítorí owó àti àkókò kò tó. Àwọn tíṣà ni ó ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ tí orí wọn pé jù lọ ní kíláàsì, kí wọ́n sì fi ti ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí kún un. Àwọn tí wọ́n dárúkọ nìkan ló jókòó ṣe ìdánwò. Ó yẹ kí ẹnu yà á sí ohun tó rí: ọmọ tó kéré jù lọ́jọ́ orí sábà máa ń yege ju èyí tí tíṣà fọwọ́ sọ̀yà fún lọ, nítorí pé àwọn tíṣà kì í ka ọjọ́ orí mọ́ ọn. Síbẹ̀, kò jáwọ́ nínú ọ̀nà náà. Àwọn ọmọ tó kó jọ lé ní 1,500, ọmọ aláwọ̀ funfun ni èyí tó pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ ọmọ ọ̀mọ̀wé. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ àti ti Mẹ́síkò kò ju ìba díẹ̀ lọ. Èyí kò ba Terman lọ́kàn jẹ́. Nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1916, ó ti sọ pé àjogúnbá ni àìjáfáfá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yà wọ́n sí kíláàsì ọ̀tọ̀. Ó tún wà lára àwọn tó ń polongo pé kí ìjọba sọ àwọn tí wọ́n kà sí aláìlọ́pọlọ di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Ìwà ìkà gbáà ni, bí ìmọ̀ tilẹ̀ wà nínú ẹni tó wù ú.

Nǹkan bí ọdún márùndínlógójì ló fi tẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀ wọ̀nyí. Wọ́n di dókítà, lọ́yà àti ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú wọn. Àwọn ọmọ méjì kan wà tí wọ́n dán wò, tí máàkì wọn kò tó: William Shockley àti Luis Alvarez. Shockley gba Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 1956. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni Terman kú. Alvarez gba tirẹ̀ lọ́dún 1968.

Kí ó tó kú, òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1947 pé ọpọlọ pípé àti àṣeyọrí kì í fi gbogbo ìgbà rìn pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là kò parẹ́. Ní ilé-ìwé púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, tíṣà ló ṣì ń kọ́kọ́ dárúkọ ọmọ kí wọ́n tó dán an wò. Ní ìpínlẹ̀ Florida, lọ́dún 2005, ẹ̀ka ilé-ìwé ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí í dán gbogbo ọmọ kíláàsì kejì wò láìdúró de tíṣà. Wọn kò dín máàkì kù, ṣùgbọ́n iye àwọn ọmọ adúláwọ̀ àti ti ìran Latin America tó wọ kíláàsì ọlọ́pọlọ pípé lọ sókè gan-an. Nígbà tí owó tán tí wọ́n dáwọ́ ìdánwò gbogbogbòò náà dúró, iye wọn tún já wálẹ̀.