Ìgbésí-Ayé Joseph Lancaster, Ẹni tí Ó Fi Ọmọdé Kọ́ Ọmọdé

Ní alaalẹ́, nígbà tí agogo ìkẹ́kọ̀ọ́ bá ti lù, a máa ń rí i nínú ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí pé akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnì kejì rẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n jù ú lọ, àwọn méjèèjì yóò sì jùmọ̀ tẹjú mọ́ ọn títí yóò fi yé e. Ohun kékeré ni èyí jẹ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ jì fún ohun kékeré yìí, tí òkìkí rẹ̀ tìtorí rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ ọba, tí ó sì kú sí ilẹ̀ àjèjì, jìnnà réré sí ilé-ẹ̀kọ́ tí òun tìkárarẹ̀ dá sílẹ̀. Joseph Lancaster ni orúkọ rẹ̀. Nítorí pé iṣẹ́ tí a ń kọ́ níhìn-ín ni iṣẹ́ tí ó ṣe, ó yẹ kí a mọ ìtàn rẹ̀.

A bí i ní Southwark, ní ìlú London, ní ọjọ́ 25 oṣù November, ọdún 1778. Baba rẹ̀ ti ṣe ọmọ-ogun rí, lẹ́yìn náà ni ó ń ṣe asẹ́ tà. Wọn kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Nígbà tí Joseph di ọmọ ọdún 14, ó ka ìwé tí Thomas Clarkson kọ láti fi ìwà ìkà òwò ẹrú hàn, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sá kúrò nílé. Ó mú Bíbélì àti ìwé Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ lọ́wọ́, ó sì kọrí sí èbúté Bristol, kí ó lè bá ọkọ̀ lọ sí Jàmáíkà láti kọ́ àwọn ènìyàn dúdú tí ó wà lóko ẹrú ní ìwé kíkà. Kò dé ibẹ̀. Inú iṣẹ́ ọkọ̀ ogun ni ó bọ́ sí, àwọn ọ̀rẹ́ ni ó sì ṣe é tí a fi dá a sílẹ̀ kí ó padà sílé.

Ní ọdún 1798, kò ì tíì pé ọmọ 20 ọdún nígbà tí ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ nínú ilé baba rẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà. Àwọn tí ó ní owó díẹ̀ san án. Àwọn tí kò ní, ó kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ wá tó bẹ́ẹ̀ tí ilé náà kò gbà wọ́n mọ́, ó sì kó lọ sí Borough Road, níbi tí wọ́n ti pọ̀ sí i títí wọ́n fi ń sún mọ́ 1,000. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò ní owó tí yóò fi gba olùkọ́ kejì, kò sì fẹ́ lé ọmọ kankan padà.

Báyìí ni ó ṣe yanjú rẹ̀. Ó yan nínú àwọn ọmọ tí ó ti mọ̀ ju àwọn ìyókù lọ, ó pè wọ́n ní mọ́nítọ̀, ó sì fi nǹkan bí ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá sí abẹ́ olúkúlùkù wọn. Òun yóò kọ́ àwọn mọ́nítọ̀, àwọn mọ́nítọ̀ yóò sì lọ kọ́ àwọn tí ó wà lábẹ́ wọn. Nítorí pé ìwé wọ́n, ó tẹ ẹ̀kọ́ sí ara tákàdá gbàgẹ̀rẹ̀, ó gbé e kọ́ sára ògiri, àwọn ọmọ sì dúró yí i ká. Ìwé kan ṣoṣo tó fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn tí ó kéré jù ń fi ìka kọ lẹ́tà sínú yanrìn, àwọn tí ó dàgbà ń kọ sára síléètì. Ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò gba ipò ẹni tí ó ṣì í, kò sì sí ẹni tí ó jókòó láìríṣẹ́ ṣe.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó ní irú èrò yìí. Àlùfáà Andrew Bell, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1789 nínú ilé àwọn ọmọ aláìníbaba ní Madras, ní ilẹ̀ India, lẹ́yìn tí ó ti rí àwọn ọmọ ìlú náà tí wọ́n ń kọ̀wé sínú yanrìn. Ó sì tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1797. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn àwọn méjèèjì jà pẹ́ lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ní ọdún 1803 Lancaster tẹ ìwé tirẹ̀ jáde. Ní ọdún 1805 Ọba George Kẹta ránṣẹ́ pè é, inú ọba dùn sí iṣẹ́ náà, ó sì ṣe ìlérí £100 lọ́dọọdún. Ní àkókò náà pẹ̀lú ni Lancaster ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sílé, tí ó ń kọ́ wọn ní bí a ti ń kọ́ni, tí ó sì ń rán wọn lọ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú mìíràn. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti Borough Road ti jáde. Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá irú ilé-ẹ̀kọ́ tiwa ni.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi àbùkù rẹ̀ pamọ́. Kò mọ owó ṣọ́. Bí owó ti ń wọlé ni ó ń ná ju èyí tí ó wọlé lọ, títí gbèsè fi mù ún dé ọrùn. Ní ọdún 1808 àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Joseph Fox àti William Corston pẹ̀lú àwọn mìíràn, kó ara wọn jọ, wọ́n sì gba gbèsè náà sọ́rùn kí iṣẹ́ má bàa bàjẹ́. Dípò kí ó dúpẹ́, ó bínú pé wọ́n ń yẹ ìwé owó òun wò. Ọkùnrin tí ó lè mú kí ẹgbẹ̀rún ọmọ gbọ́ràn sí ọmọ ọdún 12 lẹ́nu kò lè gbọ́ràn sí ọ̀rẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu. Ní ọdún 1814 ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, ẹgbẹ́ sì mú orúkọ rẹ̀ kúrò lára orúkọ wọn.

Ní ọdún 1818 ó wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó lọ sí Caracas ní Venezuela, níbi tí Simón Bolívar ti fẹ́ kí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ owó ni ó tú wọn ká. Ó tún gbìyànjú ní Montreal ní Kánádà. Ní oṣù October ọdún 1838, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gbá a ní ìgboro New York, ó sì kú.

Ìlànà rẹ̀ náà ní àbùkù. Ó kọ pàṣán, èyí dára. Ṣùgbọ́n ó fi ìtìjú rọ́pò rẹ̀. Ó ń so ìtì igi mọ́ ọmọ lọ́rùn, ó sì ń fi agbọ̀n gbé ẹlẹ́ṣẹ̀ kọ́ sí òkè àjà kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa fi í rẹ́rìn-ín. Bákan náà, mọ́nítọ̀ tí ó fi ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ṣíwájú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè ti í ní lẹ́tà sọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò lè dáhùn bí a bá bi í ní ìdí ọ̀rọ̀. Nítorí èyí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀ ní ọdún 1846, tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti dàgbà díẹ̀ fi ń kọ́ iṣẹ́ náà fún ọdún márùn-ún lábẹ́ ọ̀gá.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tí òun àti Bell tàn kálẹ̀ kò ṣègbé. Ní ọdún 1822, a gba ọmọkùnrin kan ará Òṣoogùn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, a sì mú un dé Sàró. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà ó ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun, a sì fi í ṣe mọ́nítọ̀, owó oṣù rẹ̀ sì jẹ́ kọ́bọ̀ méje àbọ̀ owó Gẹ̀ẹ́sì. Àjàyí ni ọmọ náà, ẹni tí ó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọmọ ọdún 14 tí kò lè dé Jàmáíkà láti kọ́ ẹrú níwèé kò mọ̀ pé ọ̀nà tí òun ń là ní London yóò gba ọ̀dọ̀ ẹrú tí a dá sílẹ̀ kọjá.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kejì wa bá tún gbé ìwé rẹ̀ wá ní alẹ́, ẹ má jẹ́ kí a dá a lóhùn bí ẹni tí a ń dí lọ́wọ́. Kí a kọ́ ọ títí yóò fi mọ ìdí rẹ̀, kí a má sì fi àìmọ̀ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Bí ó bá sì di ọ̀la tí ẹlòmíràn fẹ́ tọ́ àwa náà sọ́nà, kí a jókòó, kí a gbọ́. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni Lancaster kọ́ gbogbo ayé. Èkejì ni òun fúnra rẹ̀ kò kọ́.